Orí Kẹfà: Ètò Ṣíṣe fún Fíìmù Ìfẹ́ Agbòde: Ìhun Ìtàn àti Òǹwòran

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí parí, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ohun tí fíìmù ìfẹ́ agbòde jẹ́, kí ó sì fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn;
(b) ṣàlàyé tíọ́rì ìhun ìtàn mẹ́rin, èyíinì ni ti Todorov, ti Propp, ti Lévi-Strauss àti ti Barthes, pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti inú fíìmù àti àṣà Yorùbá;
(d) ṣàlàyé tíọ́rì òǹwòran mẹ́ta;
(e) fi hàn bí ìdènà ṣe so ìhun ìtàn pọ̀ mọ́ òǹwòran;
(ẹ) ṣe ètò fún fíìmù ìfẹ́ kan tí a ó yà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní ìlú akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀.

6.1 Ìfáàrà

Ní Òṣósà, ìlú tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde ọmọ Alárè, ni a bí Hubert Ògúndé sí ní ọdún 1916, òun ni ó sì dá ẹgbẹ́ eré ìtàgé tí ó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀ ní 1945. Lẹ́yìn tí ó ti gbé eré náà yí ilẹ̀ Yorùbá ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, láti ìlú dé ìlú, ni ó wá gbé e bọ́ sójú fíìmù, tí *Aiyé* fi jáde ní 1979, *Jáíyésinmi* ní 1980, *Àrópin N Tènìyàn* ní 1982, àti *Àyànmọ́* ní 1988, ọdún méjì kí ó tó papò dà. Àwọn fíìmù wọ̀nyí kì í ṣe fíìmù ìfẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kó èrò jọ ni ìpìlẹ̀ ohun tí a fẹ́ kọ́ nínú orí yìí, nítorí pé ẹni tí ó ti dúró níwájú èrò fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, tí ó ń gbọ́ ibi tí wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín àti ibi tí wọ́n ti mí kanlẹ̀, ti mọ ohun tí ó ń wọ̀ wọ́n lára kí ó tó ná kọ́bọ̀ sórí kámẹ́rà.

Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kò ní ọgbọ̀n ọdún tí yóò fi rin ìrìn àjò kí ó tó kọ ìwé eré rẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ́ tíọ́rì, tí í ṣe ọgbọ́n àwọn tí wọ́n ti jókòó ti ìtàn àti àwọn tí wọ́n ti jókòó ti òǹwòran, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a wo ilé òǹwòran kí a tó fún ìfẹ́ inú fíìmù ní ohun tí yóò dí i lọ́nà. Èyí ni kókó tí gbogbo orí yìí dúró lé: ìdènà tí ó wà láàárín àwọn olólùfẹ́ méjì ni ibi tí ìhun ìtàn ti bá òǹwòran pàdé, fíìmù ìfẹ́ tí ó bá sì fẹ́ gbòde gbọ́dọ̀ yan ìdènà tí òǹwòran rẹ̀ mọ̀ láti inú ilé tirẹ̀.

6.2 Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Fíìmù ìfẹ́ ni fíìmù tí ìbéèrè kan ṣoṣo gbé ró: ǹjẹ́ àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn yóò di ti ara wọn? Ogun lè wà nínú rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ sì lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ìbéèrè yìí kúrò, kò sí fíìmù mọ́.

Fíìmù agbòde ni fíìmù tí a dìídì fi owó, ìpolówó àti àwọn gbajúmọ̀ òṣèré gbé kalẹ̀ kí èrò lè rọ́ wá wò ó, kí owó ìwọlé, èyíinì ni owó tí òǹwòran san lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá, sì ju owó tí a ná sí i lọ dáadáa.

Tíọ́rì ni àlàyé tí onímọ̀ ṣe nípa bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí ó ti yẹ ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ wò fínnífínní.

Ìtàn ni gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bí ó ṣe tẹ̀ léra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àhunpọ̀ ìtàn ni ètò tí a fi sọ ọ́ fún òǹwòran: ohun tí a kọ́kọ́ fi hàn, ohun tí a fi pamọ́, àti ìgbà tí a tú àṣírí rẹ̀.

Ìdènà ni ohun tí ó dúró sáàárín àwọn olólùfẹ́, ìbáà jẹ́ òbí, owó, ẹ̀sìn, ẹ̀yà, àṣírí, tàbí ìwà olólùfẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Òǹwòran ni ẹni tí a ń ṣe fíìmù fún. Ó yàtọ̀ sí èrò: èrò ni gbogbo ẹni tí ó bá wọlé, ṣùgbọ́n òǹwòran ni ẹni tí a ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, èdè rẹ̀ àti ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

6.3 Tíọ́rì ìhun ìtàn

*6.3.1 Todorov: ìdúródéédé àti ìdàrú*

Tzvetan Todorov, ọmọ ilẹ̀ Bọ̀lùgéríà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé kan jáde ní 1969 lórí àwọn ìtàn *Decameron* ti Boccaccio, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìtàn ìfẹ́, ibẹ̀ ni ó sì ti fi yé wa pé ìtàn máa ń gba ipele márùn-ún kọjá: ìdúródéédé, nígbà tí ayé ẹ̀dá ìtàn tòrò, ìdàrú, nígbà tí ohun kan da ayé náà rú, ìmọ̀lára ìdàrú, nígbà tí ẹ̀dá ìtàn mọ̀ pé nǹkan ti wọ́, ìgbìyànjú àtúnṣe, àti ìdúródéédé tuntun, tí kì í rí bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́.

Ètò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń gbé ìyàwó. Ìfojúsóde ni ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àrùn ìdílé, gbèsè tàbí ìjà àtijọ́ kan wà. Alárinà a máa lọ a máa bọ̀. Ìjọ́hẹn a tẹ̀ lé e, kí ó tó kan ìtọrọ, ìdána àti ìgbéyàwó. Àtẹ̀gùn ni àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, ibikíbi lórí àtẹ̀gùn náà ni ẹsẹ̀ sì ti lè yọ̀. Ẹni tí ó ń kọ ìwé eré ìfẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò láti lọ wá ibi tí ìdàrú yóò ti wọlé sí ọ̀nà jíjìn. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ìgbésẹ̀ wo ni yóò dàrú, kí ó sì mọ̀ pé bí ìdàrú bá ti ń pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí yóò bàjẹ́ ṣe ń pọ̀ tó, nítorí ìdàrú ní ìgbà ìfojúsóde kan ẹni méjì péré, ṣùgbọ́n ìdàrú ní ọjọ́ ìdána kan odindi ìdílé méjì lójú gbogbo ayé.

*6.3.2 Propp: iṣẹ́ àwọn ẹ̀dá ìtàn*

Ní 1928 ni Vladimir Propp, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, tẹ ìwé rẹ̀ lórí àlọ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà jáde. Ó yẹ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún àlọ́ wò, ó sì rí i pé bí orúkọ ẹ̀dá ìtàn tilẹ̀ yàtọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ 31 ni ó ń yí po nínú wọn, àti pé ipò méje ni àwọn ẹ̀dá ìtàn ń dì mú: akọni; ọ̀tá; olùfúnni, tí ó fún akọni ní ohun tí yóò fi ṣẹ́gun; olùrànlọ́wọ́; ẹni tí a ń wá pẹ̀lú òbí rẹ̀; ẹni tí ó rán akọni níṣẹ́; àti ayédèrú akọni, tí ó dà bí ẹni rere ṣùgbọ́n tí ó ń fi ojú ẹni rere tan ènìyàn jẹ.

Alárinà ni a lè fi ṣàlàyé tíọ́rì yìí jù lọ. Olùrànlọ́wọ́ ni í ṣe nípa iṣẹ́ rẹ̀, nítorí òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé òun nìkan ni ó gbọ́ ti apá méjèèjì, kò sí ẹni tí ó lè ba nǹkan jẹ́ tó o. Ọgbọ́n tí a rí kọ́ níhìn-ín ni pé ipò kò fi dandan jẹ́ ti ẹni kan: ẹ̀dá ìtàn kan ṣoṣo lè di ipò méjì mú, fíìmù a sì máa dùn nígbà tí òǹwòran bá rí i pé olùrànlọ́wọ́ ti ń yí padà di ayédèrú akọni.

*6.3.3 Lévi-Strauss: òdìkejì méjì*

Claude Lévi-Strauss, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní ilẹ̀ Faransé, kọ́ wa pé ìtàn ìwáṣẹ̀ máa ń gbé òdìkejì méjì kojú ara wọn, bí ìyè àti ikú, ọkùnrin àti obìnrin, ilé àti ìgbẹ́, àti pé iṣẹ́ ìtàn ni láti wá ọ̀nà tí a lè gbà fara da àtakò náà. Nínú *Aiyé*, babaláwo Ọ̀sẹ́túrá ni ó kojú àwọn àjẹ́, òǹwòran sì mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú fíìmù ìfẹ́, òdìkejì kì í sábà jẹ́ rere àti búburú. Rere méjì ni ó máa ń kojú ara wọn, bí ìgbọràn sí òbí àti òtítọ́ sí olólùfẹ́, tàbí ọlá ìdílé àti ayọ̀ ọmọ. Níbi tí òǹwòran bá ti lè sọ pé apá méjèèjì ní ẹ̀tọ́, ibẹ̀ ni ẹkún òtítọ́ ti ń wá.

*6.3.4 Barthes: àdììtú*

Nínú ìwé rẹ̀ *S/Z* tí ó jáde ní 1970, Roland Barthes to ọ̀nà márùn-ún tí ìtàn fi ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Méjì nínú wọn ni ó wúlò jù fún ètò wa: àdììtú, ìbéèrè tí ìtàn gbé dìde tí kò sì tètè dáhùn, àti ìṣe, ohun tí ẹ̀dá ìtàn ṣe tí ó jẹ́ kí a máa retí ohun tí yóò tẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé àdììtú kò lè sí níbi tí òpin ti hàn, ṣùgbọ́n *Titanic* tí James Cameron darí ní 1997 fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́: gbogbo ẹni tí ó wọlé ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà rì ní 1912, síbẹ̀ fíìmù ìfẹ́ yìí pa owó tí ó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là káàkiri àgbáyé, nítorí pé ohun tí òǹwòran fẹ́ mọ̀ ni bí ìfẹ́ àwọn olólùfẹ́ méjì náà yóò ṣe parí. Nínú *Thunderbolt: Mágùn* tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2001, láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, ìbéèrè náà tún rọ̀ mọ́ àṣà wa: bí a bá ti fi mágùn lé ìyàwó ilé lára, ta ni yóò tú u, ìgbà wo sì ni?

6.4 Tíọ́rì òǹwòran

*6.4.1 Ìpín òǹwòran*

Kí a tó lo tíọ́rì, a ní láti pín òǹwòran sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ nípa ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, iṣẹ́, owó tí ń wọlé, ẹ̀sìn, èdè àti ibùgbé. Ẹni tí ó bá sọ pé "gbogbo ènìyàn" ni òun ń ṣe fíìmù fún kò tíì ṣe ètò kankan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àwọn kan yóò wá nítorí òṣèré, àwọn kan nítorí orin, àwọn kan nítorí pé ọmọ wọn mú wọn wá, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìwé eré.

*6.4.2 Ìlò àti ìtẹ́lọ́rùn*

Ní àtijọ́, àwọn onímọ̀ rò pé ohun tí a bá gbé jáde ń wọ òǹwòran lára bí abẹ́rẹ́, kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Elihu Katz, Jay Blumler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yí ìbéèrè náà padà ní àwọn ọdún 1970: dípò kí a béèrè ohun tí fíìmù ń ṣe fún òǹwòran, kí a béèrè ohun tí òǹwòran ń fi fíìmù ṣe. Ohun mẹ́rin ni a sábà máa ń kà: ìgbafẹ́, láti gbàgbé wàhálà, ìbáṣepọ̀, láti ní ohun tí a ó jọ sọ, ìdánimọ̀, láti rí ara ẹni nínú ẹ̀dá ìtàn, àti ìmọ̀, láti mọ ohun tí ó ń lọ láyé. Òǹwòran fíìmù ìfẹ́ ń wá ìdánimọ̀ gan-an, nítorí náà ni ìdènà àjèjì kì í fi í mú un lọ́kàn.

*6.4.3 Stuart Hall: ìfisínú àti ìtúmọ̀*

Stuart Hall, ẹni tí a bí ní Jàmáíkà tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham, kọ ní 1973 pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ fi ìtumọ̀ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òǹwòran ni ó ń tú u jáde, ó sì lè tú u ní ọ̀nà mẹ́ta: ìgbà wọlé, kí ó gba gbogbo rẹ̀ bí a ṣe fẹ́, ìdúnàádúrà, kí ó gba díẹ̀ kí ó sì fi èrò tirẹ̀ kún un, tàbí ìtakò, kí ó kọ̀ ọ́. Bí òwe bí òwe là á lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Olùṣètò fíìmù ní láti mọ ẹsẹ̀ tí oníjó kọ̀ọ̀kan yóò gbé kí ó tó lu ìlù rẹ̀.

*6.4.4 Ìgbésẹ̀ méjì: ẹni tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀*

Paul Lazarsfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ti 1940, ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1944. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ rédíò àti ìwé ìròyìn kì í dédé wọ etí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ ládùúgbò ni ó ń kọ́kọ́ gbọ́, tí ó ń gbé e fún àwọn tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyálọ́jà, olórí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí), oníṣọ̀nà aṣọ àti ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé lórí ẹ̀rọ ayélujára ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba ti 2024, ọdún Ìjẹ̀bú tí a ó ṣàlàyé ní 6.6.1, tàn ká ayé, kò sí ilé iṣẹ́ ìpolówó kankan tí ó fi agbára gbé e. Ọwọ́ ẹnì kan ni ó ti kọjá sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

6.5 Fíìmù mẹ́ta tí a lè fi ṣe àyẹ̀wò

*Àjàní Ògún* (1976), tí Ọlá Balógun darí, tí Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sì jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọdẹ ni Àjàní, ọ̀tá rẹ̀ sì jẹ́ olóṣèlú ọlọ́rọ̀ tí ó gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí ó sì tún fẹ́ gba àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ìdènà ìfẹ́ àti ìdènà ilẹ̀ ti di ọ̀kan: ẹni tí a ti gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ rí kò lè wò ó kí ó má fa ìbínú yọ. Ní ti Propp, ipò akọni, ọ̀tá àti ẹni tí a ń wá hàn gbangba. Ní ti òǹwòran, ìdánimọ̀ ni ó mú wọn dúró.

*Ó Le Kú* (1997), tí Túndé Kèlání yà láti inú ìwé ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1974, gba ọ̀nà mìíràn. Àjàní inú rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn tí ó ń wá aya, ọkàn rẹ̀ sì pín sáàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Kò sí ọ̀tá láti òde tí ó tó ohun tí ó wà nínú olú ẹ̀dá ìtàn fúnra rẹ̀. Àìlèpinnu ni ìdènà. Fíìmù náà tún fi hàn bí òǹwòran ṣe ń lo fíìmù: aṣọ ìró àti bùbá kúkúrú tí a ń pè ní olekú padà sóde lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí a kò tíì bí nígbà tí àṣà náà kọ́kọ́ wà sì ń rán an.

*The Wedding Party* (2016), tí Kẹ́mi Adétiba darí, ni ó sún mọ́ èròǹgbà orí yìí jù lọ, nítorí ètò ni ó gbé e jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin ni ó pawọ́ pọ̀ ṣe é, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ olùpín fíìmù sí ilé sinimá, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà tí fíìmù yóò gbà dé ọ̀dọ̀ òǹwòran ti wà nínú ètò kí kámẹ́rà tó yí. Ọjọ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo ní Èkó ni ìtàn náà wáyé: Dúnní jẹ́ ọmọ Yorùbá, Dozie jẹ́ ọmọ Ìgbò, ìyá ọkọ kò rí ìdílé ìyàwó gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ sì tún yọjú. Ìdàrú wá ní ìgbésẹ̀ tí ó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí a ti sọ pé ohun tí yóò bàjẹ́ pọ̀ jù. Wọ́n sì gbé e jáde ní Dìsẹ́ḿbà, nígbà tí àwọn ará òkè òkun ti wálé, tí ìdílé ń jáde pọ̀, tí ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ sì kún gbogbo ìlú. Owó ìwọlé rẹ̀ lé ní 400 mílíọ̀nù náírà, èyí tí fíìmù Nàìjíríà kankan kò tíì pa rí ní ilé sinimá títí di ìgbà náà.

6.6 Àpẹẹrẹ ètò: fíìmù ìfẹ́ ní Ojúde Ọba

*6.6.1 Ibùdó ìtàn*

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń péjọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀ fún Ojúde Ọba. Àwọn Mùsùlùmí ni ó fi ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ń bá wọn jáde. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, èyíinì ni ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, tí ó gbilẹ̀ gan-an ní àsìkò Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà (1960 sí 2025), a máa wọ aṣọ kan náà jó lọ síwájú ọba, àwọn ìdílé Balógun a sì gun ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

*6.6.2 Ìtàn ní ṣókí*

Àròsọ ni fíìmù yìí, a ó sì pè é ní *Aṣọ Ẹgbẹ́*. Ọmọkùnrin kan láti ìdílé ẹlẹ́ṣin fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ òkè ní ọjà Òkè-Ajé. Ìyá ọmọkùnrin ni akápò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó ti san àsansílẹ̀ owó aṣọ fún aláṣọ náà láti oṣù mélòó kan, aṣọ kò sì jáde. Nígbà ìwádìí ni ìyá kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tí ọmọ òun fẹ́ fẹ́, ìdílé ọkọ sì sọ pé àwọn kò ní mú ọmọ onígbèsè wọlé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé alárinà, àbúrò bàbá ọmọkùnrin, ni ó yá owó náà, tí ó sì bẹ aláṣọ kí ó bo òun láṣìírí; bí aláṣọ bá sì sọ̀rọ̀, alárinà ọmọ rẹ̀ ṣubú, ìgbéyàwó náà á sì ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọkùnrin kó owó tí ó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ẹṣin rẹ̀ fún àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ìyá rẹ̀ jó jáde nínú aṣọ tuntun, ṣùgbọ́n ẹṣin tirẹ̀ wá láìní ọ̀ṣọ́, èrò ń wò, ìyá rẹ̀ béèrè, òtítọ́ sì tú.

*6.6.3 Bí tíọ́rì ṣe ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀*

Ní ti Todorov, ìwádìí ni ìdàrú ti wọlé, ní ti Propp, alárinà ni olùrànlọ́wọ́ tí ó di ayédèrú akọni, ní ti Lévi-Strauss, ìpamọ́ àṣírí àti ìdáàbòbò ọmọ, tí méjèèjì jẹ́ ìwà ọmọlúàbí, ni wọ́n kojú ara wọn nínú ọkàn aláṣọ, ní ti Barthes, "níbo ni owó wà?" ni àdììtú. Ní ti òǹwòran, kò sí ilé kan ní Ìjẹ̀bú tí kò mọ ọ̀rọ̀ owó aṣọ ẹbí tàbí àsansílẹ̀ tí ó fa ìjà. Ní ti Hall, ìyá àgbà lè gbà pé ó tọ́ kí ìdílé ṣe ìwádìí, ọ̀dọ́ lè gba ìfẹ́ náà kí ó sì kọ ìwádìí, aláṣọ ọjà sì lè takò pé kí ni ìdí tí a fi kọ́kọ́ pe oníṣòwò ní olè. Ìwé eré tí ó bá fún ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀rọ̀ sísọ yóò mú ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí ilé sinimá.

*6.6.4 Yíya fíìmù, owó àti ìpolówó*

Ojúde Ọba kì í wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, a kò sì lè bẹ èrò kí wọ́n tún un jó. Nítorí náà, kámẹ́rà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ó fi ya ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí a ti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ààfin, ìgbìmọ̀ ọdún àti àwọn ìdílé tí ẹṣin wọn yóò hàn. Ìran tí òṣèré ti ń sọ̀rọ̀ ni a ó yà lọ́jọ́ mìíràn. A ó pa aṣọ, gèlè, bàtà àti ìjánu ẹṣin mọ́, a ó sì ya fọ́tò wọn, nítorí bí gèlè ìyá bá wé sápá ọ̀tún lójúde tí ó wá wé sápá òsì nílé, òǹwòran Ìjẹ̀bú yóò rí i kí ó tó rí ohunkóhun mìíràn.

Ní ti owó, ìjọba, ilé sinimá àti olùpín fíìmù ló ń kọ́kọ́ mú ìpín tiwọn nínú owó ìwọlé, nítorí náà aṣagbátẹrù kò gbọdọ̀ rò pé iye tí a kéde ni iye tí yóò wọ àpò òun. Ní ti ìpolówó, Iléyá àti Dìsẹ́ḿbà ni a ó gbájú mọ́: a ó fi àwòrán ẹṣin tí kò ní ọ̀ṣọ́ ṣe ìpolówó nígbà Iléyá, nítorí àdììtú ni fúnra rẹ̀, a ó sì gbé fíìmù jáde ní Dìsẹ́ḿbà. Àwọn olórí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti àwọn aláṣọ ni a ó kọ́kọ́ pè wá wò ó.

6.7 Àkópọ̀

1. Fíìmù ìfẹ́ agbòde kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ètò ìtàn àti ètò òǹwòran ni ó ń gbé e jáde.
2. Todorov kọ́ wa ní ipele ìtàn, Propp ní ipò ẹ̀dá ìtàn, Lévi-Strauss ní àtakò, Barthes ní àdììtú.
3. Ìgbésẹ̀ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ Yorùbá jẹ́ ìhun ìtàn fúnra rẹ̀. Bí ìdàrú bá ti pẹ́ tó ni ohun tí yóò bàjẹ́ ṣe ń pọ̀ tó.
4. Òǹwòran ń lo fíìmù fún àìní tirẹ̀, ó ń tú u ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ń gbọ́ nípa rẹ̀ láti ẹnu ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé.
5. Ìdènà tí òǹwòran mọ̀ láti ilé ni ó so apá méjèèjì pọ̀, gẹ́gẹ́ bí *Àjàní Ògún*, *Ó Le Kú* àti *The Wedding Party* ti fi hàn.

6.8 Ìdánrawò

*Apá A: Ìdáhùn kúkúrú*

1. Sọ ìyàtọ̀ láàárín (a) ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn; (b) èrò àti òǹwòran.
2. Dárúkọ ipò méje tí Propp sọ, kí o sì fi ẹ̀dá ìtàn kan láti inú àlọ́ tí o mọ̀ sí ipò mẹ́ta nínú wọn.
3. Kí ni ohun mẹ́rin tí òǹwòran ń wá nínú fíìmù? Èwo ni ó ṣe pàtàkì jù fún fíìmù ìfẹ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Kí ni ìdí tí àdììtú fi wà nínú *Titanic* bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọkọ̀ náà yóò rì?

*Apá B: Àròkọ*

5. "Alárinà lè jẹ́ olùrànlọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ ayédèrú akọni." Fi tíọ́rì Propp àti fíìmù kan tí o ti wò ṣàlàyé gbólóhùn yìí.
6. Fi ìdènà inú *Àjàní Ògún* wé ti *The Wedding Party*, kí o sì fi tíọ́rì Lévi-Strauss sọ ohun tí ó kojú ohun nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
7. Yan ìran kan láti inú fíìmù ìfẹ́ Yorùbá, kí o sì kọ bí ìyá àgbà, ọ̀dọ́ àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá yóò ṣe tú u, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà mẹ́ta ti Hall.

*Apá D: Iṣẹ́ ẹgbẹ́*

8. Ẹ pín sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà mẹ́ta àti ọ̀dọ́ mẹ́ta ní àdúgbò yín ohun tí ó sábà máa ń da ìgbéyàwó rú lójú tiwọn. Láti inú ìdáhùn wọn, ẹ yan ìdènà kan, kí ẹ sì kọ ìtàn ní ṣókí, ipele márùn-ún ti Todorov, ìpín òǹwòran, àsìkò ìgbéjáde àti àwọn ènìyàn tí ẹ ó kọ́kọ́ pè wá wo fíìmù náà. Kí ètò náà má ju ojú ìwé mẹ́rin lọ.